Ta Ló Jí Káàṣì Alhaji Ìbráhìm?

Nǹkan dúdú kékeré kan ló wà lórí tábìlì Inspẹ́kítọ̀ Asiata láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ti fọ́ sí méjì, inú rẹ̀ sì ṣófo. Kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ó ní ẹsẹ̀ wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ọ̀kùn, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun tẹ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, kí ẹni tó bá rí i lè gbà pé ojúlówó ni. Ike lásán ni. Ẹni tó ṣe é kò tilẹ̀ tijú débi tí ì bá fi ki nǹkan kan sínú rẹ̀.

"Káàṣì ni wọ́n ń pè é, Màdáàmù," Sájẹ́ńtì Ràímì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Inú kọ̀ǹpútà Alhaji Ìbráhìm, ní ọ̀nà Stéṣàn, ni wọ́n ti yọ ọ́. Olè jí gidi lọ, ó fi ike rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tó jí i ti wà látìmọ́lé láti àná. Ó di kóòtù lọ́la."

"O ṣé, Ràímì. Ta ló sọ pé òun ló jí i?"

"Gbogbo ayé, Màdáàmù! Jímọ̀ tó kẹ́yìn ààwẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ Alhaji lọ kírun. Ọ̀kan ṣoṣo tí kì í ṣe Mùsùlùmí nínú wọn ló ṣẹ́kù sílé. Ògúnyọmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdẹ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìjàgbó. Wọ́n ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn Sallah, ẹ̀rọ tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá ń wọ́ bí ìgbín. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Adétóyè tó ta ẹ̀rọ náà fún wọn. Ó ṣí i, ike ló bá níbẹ̀. Wọ́n tú àpò ọmọ yẹn, wọ́n bá súkúrù-díráfà. Kí ló tún kù?"

"Ó ku kí n mọ ohun tí wọ́n jí," Asiata fèsì, ó sì kó ike náà sínú àpò rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ Inspẹ́kítọ̀ Asiata, ẹ bi àwọn olè Ọ̀fà. Obìnrin náà kì í jágbe, kì í na èèyàn. Ọpẹ́ ló máa ń dú. Bí o bá sọ òótọ́ fún un, á dúpẹ́. Bí o bá purọ́ fún un, á dúpẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń purọ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀. Àwọn gbéwiri tó wà ní gáréèjì a máa wí láàárín ara wọn pé ó sàn kí ọlọ́pàá mìíràn gbá ènìyàn létí ju kí Alhaja Asiata wo ojú ẹni kó ní "ẹ ṣé gan-an" lọ.

Lẹ́nu géètì, ìyá arúgbó kan jókòó sílẹ̀ nínú ọyẹ́, ètè rẹ̀ ti funfun. Ìyá Ògúnyọmí ni, Ifáníkẹ́. Wọ́n ti lé e títí, kò lọ. Asiata kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, tòun ti aṣọ ìjọba lọ́rùn.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ wá jókòó sábẹ́ òrùlé."

"Ibí tẹ́ mi lọ́rùn," ìyá náà dáhùn. "Ọmọ mi yìí, n kò mọ ohun tí wọ́n ní ó jí, n kò tilẹ̀ lè pè é. Bí ó bá jẹ́ pé ó jí i, ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n gbangba ọ̀nà ni wọ́n ti pè é lólè lánàá. Àwọn ará Ìjàgbó tó ń bọ̀ wá sọ́jà rí i. Ní ìdílé wa, bí orúkọ bá ti bà jẹ́ báyẹn, a kì í sọ ọmọ mìíràn lórúkọ yẹn mọ́. Orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ sì ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Asiata lára ju bí ó ti rò lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ó ní kí Ràímì wá ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó sì gba ọ̀nà Stéṣàn lọ.

*

Alhaji Ìbráhìm kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà níṣẹ́ ládùúgbò yẹn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé Ìlemọ́nà ló sì máa ń gbé èsì ìdánwò wọn wá fún un tẹ̀. Inú rẹ̀ ló bàjẹ́.

"Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn," ó ní. "Òun ló to gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yìí. Bí ọmọ ni mo mú un."

"Ẹ ṣé, Alhaji. Báwo ni Ẹnjiníà ṣe mọ̀ pé ike ni?"

"Ó ṣí ìdérí, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, 'Háà, Alhaji, wọ́n ti jà yín lólè!' Ó mú púláyà, ó fi fún ẹyọ kan mọ́ra títí tó fi fọ́. Ó ní ká wá wo inú rẹ̀. Odindi ẹyọ kan tó tún yọ nìyí, àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣé." Asiata fi ẹyọ náà sápò. "Ta ló wà níbí nígbà ìrun Jímọ̀ ọjọ́ yẹn?"

"Ògúnyọmí nìkan. Àwa yòókù lọ kírun."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa o. Ṣé inú Rọ̀màdáànì la ó wá máa sá fún Jímọ̀ ni?"

Asiata ní kí wọ́n mú súkúrù-díráfà tí wọ́n bá nínú àpò Ògúnyọmí wá. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí súkúrù tó de ẹ̀rọ náà. Kò wọlé. Súkúrù ẹ̀rọ olójú àgbélébùú ni, irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ni, ó sì kún fún gíríìsì kẹ̀kẹ́. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, Alhaji ń wò ó. Ó dá a padà sínú àpò.

Alhaji ní kí Safiyat bá àwọn gbé mínírà wá. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn tẹ̀wé níwájú ẹ̀rọ ni Safiyat, ẹni jẹ́jẹ́, tí ìbòrí rẹ̀ máa ń bò ó dé ìgbáròkó. Ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìwọ náà mú ọ̀kan," Asiata wí.

"Mo ń gbààwẹ̀, Alhaja."

"Ẹ ò rí i!" Alhaji fi ẹ̀rín kún ọ̀rọ̀. "A kò tíì parí ọ̀kan tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ mẹ́fà oṣù Ṣawàlì tó tẹ̀ lé Sallah. Ọmọ rere."

Safiyat tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Asiata dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún mínírà, ó mu tirẹ̀ tán, ó sì padà sí àgọ́ ọlọ́pàá.

*

Nínú àtìmọ́lé, Ògúnyọmí dìde dúró nígbà tó rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún.

"Jókòó," Asiata sọ fún un. "N kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Kọ́ mi. Kí ni káàṣì?"

Ọmọkùnrin náà wò ó, bóyá yẹ̀yẹ́ ló ń fi òun ṣe. Nígbà tó rí i pé ó ti fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, tó ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ní ilé ìdáná ni, mà. Ẹni tó ń dáná ni pròsẹ́sọ̀. Omi tó ń lò wà lódò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé odò ni yóò máa sá lọ fún gbogbo ife omi kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ kò ní í jinná láéláé. Nítorí náà wọ́n gbé ìkòkò omi sẹ́bàá àdògán. Ìkòkò yẹn ni káàṣì."

"Ó yé mi. O ṣé."

"Ẹnì kan wà tó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ilé. Ìyáálé ni ká pè é. Kánẹ́lì lorúkọ tirẹ̀, òun ni ọkàn gbogbo ètò tó wà nínú ẹ̀rọ. Kánẹ́lì tiwa kì í fúnra rẹ̀ wọn ìkòkò. Nígbà tí èèyàn bá ń tò ó ló máa sọ fún un pé báyìí ni ìkòkò ilé yìí ṣe tóbi tó. Ohun tí a bá sọ ló gbà."

"Bí a bá purọ́ fún un ńkọ́?"

"Áà, mà!" Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú rẹ̀. "Bí ìkòkò kò bá sí, tí a wá ní ńlá kan wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í to abọ́ yíká ìkòkò tí kò sí. Á ní ti Lágbájá kò gbọdọ̀ kan ti Tẹ̀mẹ̀dù. Àyè á há, iṣẹ́ á máa dúró de iṣẹ́. Omi kò sí nítòsí, ọ̀nà odò náà tún dí. Á lọ́ra ju ilé tó mọ̀ pé òun kò ní ìkòkò lọ."

"Kí ni ìwọ sọ fún kánẹ́lì nígbà tí o tò ó?"

Ògúnyọmí gbójú sókè. Ó wo Ràímì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo sọ fún un pé kò sí."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Ràímì pariwo. "Ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀! Ta ni ìbá mọ̀ bí kò ṣe ẹni tó yọ ọ́?"

"Ràímì, o ṣé, jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀."

"Nígbà òjò tó kọjá ni, mà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ tó sọ pé ìwọ̀n káàṣì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti méjìlá. Mo dán an wò, n kò rí àpẹẹrẹ káàṣì kankan. Mo pe Ẹnjiníà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ fún wọn. Wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n má tú àwọn fó lójú Alhaji, pé àwọn máa mú gidi wá rọ́pò rẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, mà. Mo dákẹ́. Mo sọ òótọ́ fún kánẹ́lì, ẹ̀rọ sì ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe."

"O sọ èyí fún àwọn tó mú ọ?"

"Mo sọ ọ́. Wọ́n ní Ẹnjiníà lọ́un ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń gbààwẹ̀, kò bójú mu kí n máa jẹun lójú wọn. Bí wọ́n bá ti lọ kírun, mo máa ń gbé oúnjẹ mi lọ sẹ́yìn stéṣàn reluwé, níbi àwọn wágọ́nù ọkọ̀ ojú irin tí kò rìn mọ́. N kò sí nílé, mà. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ ti kú, ó tún ti tàn. Mo rò pé iná ló lọ. A sì tètè palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí Sallah."

"Àwọn wo ló mọ̀ bí wọ́n ṣe ń to kánẹ́lì?"

"Èmi. Mo sì ti ń kọ́ Safiyat díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Safiyat lọ sí Jímọ̀, mà. Ẹ má fi ọ̀ràn yìí kàn án."

Asiata gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣé," ó ní, kì í sì í ṣe ọpẹ́ tó máa ń dú fún òpùrọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ tó wà nínú ìdè tó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn.

*

Ẹnjiníà Adétóyè dé lọ́sàn-án, ó wọ táì, àwo ojú rẹ̀ ń dán.

"Inspẹ́kítọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò le," ó ní. "Mo dán ẹ̀rọ yẹn wò kí n tó gbé e fún Alhaji. Káàṣì rẹ̀ pé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ẹ ṣé, sà. Ọmọ náà kò bá yín sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí?"

"Láéláé. Èmi àti ta ni?"

"Ẹ ṣé gan-an. Ẹ wo ike náà, ẹ sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀?"

"Iṣẹ́ mi ni. Ojú tó mọ gidi kì í gbàgbé."

"Mo dúpẹ́ púpọ̀ púpọ̀," Asiata wí, ó tilẹ̀ tẹrí ba. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì padà sí Ìlọrin, kó lọ dúró de òun lọ́dọ̀ Alhaji. Ràímì rí ọpẹ́ yẹn, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe Ẹnjiníà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́.

Ràímì alára ti rìn gbogbo Ọ̀fà tán. Ó ti bi àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ́jà Ọwọ́dé bóyá ẹnì kan gbé káàṣì wá tà. Ọ̀kan ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé nǹkan dúdú bẹ́ẹ̀ wá. Ràímì sáré débẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìgbà tó dé ibẹ̀, ó bá a pé ọmọ onírédíò náà fúnra rẹ̀ ni, inú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tó ti kú ló ti tú wọn, láti ọdún tó kọjá. Òfo. Ó kàn gba ẹyọ kan dání wá, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ òfo lòun gbé padà.

"O ò gbé òfo wá rárá, Ràímì," Asiata sọ fún un. "Káàṣì gidi lèyí?"

"Gidi ni, Màdáàmù. Wọ́n ní ó ti ṣiṣẹ́ rí."

"Ọlọ́run á san án fún ọ."

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ lérán. Ẹ̀rọ lọ́ra lẹ́yìn Jímọ̀ yẹn. Ẹni tó lè mú un lọ́ra láìyọ nǹkan kan nínú rẹ̀ ni ẹni tó bá tún kánẹ́lì tò. Ẹni méjì ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ń jẹun lẹ́yìn stéṣàn, ọ̀kan wà ní mọ́ṣáláṣí. Àbí kò sí?

Ìgbà náà ló rántí ọmọbìnrin tó tẹjú mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá ń gba mẹ́fà Ṣawàlì, tí ọ̀gá rẹ̀ ń yìn ín, kí ló ń tì í lójú? Ààwẹ̀ mìíràn wà tí obìnrin ń gbà lẹ́yìn Sallah, èyí tí kì í kéde. Àwọn ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá bá a nínú Rọ̀màdáànì, kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀, kò gbọdọ̀ kírun. Ìrun yẹn kò ní ìsan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ààwẹ̀ rẹ̀ padà. Asiata náà ti gbà á padà lọ́pọ̀ ọdún. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ padà nísinsìnyí ní ọjọ́ tí kò lọ kírun nígbà náà. Alhaji sọ pé gbogbo àwọn lọ sí Jímọ̀, kò sì purọ́: ọkùnrin wo ló máa bi ọmọ ọlọ́mọ pé kí ló dé tí kò lọ? Odindi ilé iṣẹ́, wọ́n ka ara wọn tán, kò sẹ́ni tó rántí ka obìnrin.

"Alihamudulilahi tó dá mi lóbìnrin," Asiata wí sókè. Ràímì bojú wo ibòmíràn.

*

Ó bá Safiyat lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ní kí Ràímì dúró lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi, ààwẹ̀ tí ò ń gbà yìí, mẹ́fà Ṣawàlì kọ́, àbí?"

Ojú Safiyat kún fún omi kíá. Ó mi orí pé kì í ṣe mẹ́fà Ṣawàlì.

"Èmi náà ti gbà á padà rí, kò sí ẹ̀gbin níbẹ̀. O wà nílé ní Jímọ̀ yẹn."

"Yàrá ìkówèésí ni mo wà, Alhaja. N kò lè sọ fún Alhaji ohun tó fà á. Nígbà tí Bùrọ̀dá Ògúnyọmí jáde, mo lọ síwájú ẹ̀rọ."

"Kí lo ṣe?"

"Ara ẹ̀rọ ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé ìwọ̀n káàṣì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti méjìlá. Ṣùgbọ́n nínú ètò kánẹ́lì, Bùrọ̀dá kọ ọ́ pé kò sí. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ni. Mo ní kí n tún un ṣe, kí ẹ̀rọ lè máa sáré sí i, kó lè jẹ́ ẹ̀bùn Sallah mi fún gbogbo wọn. Mo tún kánẹ́lì tò, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Kí wọ́n tó kírun tán, mo ti ṣe é tán."

"Nígbà tó wá lọ́ra?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà dé, wọ́n ní olè ni. Mo gbà wọ́n gbọ́, Alhaja! Mo ní bóyá ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀. Wọlahi, n kò mọ̀ pé ẹnu mi tí mo pa mọ́ ló so Bùrọ̀dá lọ́wọ́." Ó ń sunkún.

Asiata fà á mọ́ra. "O ṣé, o ṣé," ó ń wí. "Òótọ́ tí o sọ yìí, mo ti ń wá a láti òwúrọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, nítorí náà oore kan ṣì kù tí màá tọrọ. Nígbà tí o to tuntun, kí ló ṣẹlẹ̀ sí kánẹ́lì àtijọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí bí tuntun bá kọ̀."

*

Kí oòrùn tó rọlẹ̀, gbogbo wọn ti pé sí iwájú ẹ̀rọ: Alhaji, Ẹnjiníà, Safiyat, àti Ògúnyọmí pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Safiyat, bá mi to orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tẹ̀lé ara wọn," Asiata bẹ̀ ẹ́.

Safiyat tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kérora. Wọ́n dúró. Alhaji jókòó, ó dìde. Ràímì yán, ó tún yán. Ó pẹ́ kí orúkọ àkọ́kọ́ tó jáde.

"O ṣeun. Wàyí o, pa á. Fi kánẹ́lì àtijọ́ tàn án."

Iná ẹ̀rọ kú, ó tún tàn. Safiyat tẹ iṣẹ́ kan náà. Ràímì ya ẹnu láti yán, kó tó pa á dé, orúkọ ti ń já wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ìlà lórí ìlà.

"Subuánálláhì," Alhaji wí.

"Ẹnjiníà," Asiata yíjú sí i. "A kò fi nǹkan kan kún un, a kò yọ nǹkan kan. Ike yín ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ olè tó jí káàṣì ló sọ ọ́ di ìgbín, kí ló dé tó fi ń sáré báyìí?"

Ẹnjiníà tú táì rẹ̀. "Alhaja, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jinlẹ̀. Kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ ní ká tì mọ́lé, mo bá lọ bi í." Ó mú nǹkan dúdú méjì jáde, tí kò sí èyí tó fọ́ nínú wọn, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. "Ọ̀kan nínú èyí, gidi ni. Ọ̀kan, ike. Ẹ ní ojú tó mọ gidi kì í gbàgbé. Èwo ni gidi?"

Ẹnjiníà gbé ọ̀kan, ó gbé èkejì. Ó yọ àwo ojú, ó tún un wọ̀. Ó gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Ẹ fún mi ní púláyà," ó ní.

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì rọra gbé àwọn nǹkan náà sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Asiata wí jẹ́jẹ́. "Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àfi kí a fọ́ ọ. Lánàá, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ fọ́ ọ lójú Alhaji. Kò sẹ́ni tó ń fọ́ ohun ẹlẹ́gẹ́ ọlọ́ja láti mọ̀ bóyá gidi ni, nítorí bó bá jẹ́ gidi, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹ ti mọ̀ pé ike ni kí ẹ tó mú púláyà. Ẹ mọ̀ ọ́n nítorí Ògúnyọmí sọ fún yín nígbà òjò. Kò sí olè, Alhaji. Káàṣì kankan kò sí níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Safiyat fi ọkàn rere tún kánẹ́lì tò, ó gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ gbọ́. Ẹni tó mọ òótọ́, tó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹ̀wọ̀n san án, ẹ̀yin ni."

Ẹnjiníà fa àga kan mọ́ra. Ó jókòó. "Wọ́n lù mí ní jìbìtì l'Ékòó," ó ní. "Lóòótọ́, n kò mọ̀ títí ọmọ yìí fi sọ fún mi. Ojú tì mí. Mo ń rò pé màá rí gidi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Alhaji ránṣẹ́ pè mí, mo ní bí n kò bá sọ pé olè ni, ọjọ́ kan ẹlòmíràn á ṣí i..." Kò lè wo Ògúnyọmí, ẹni tó bá a pa àṣírí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà òjò.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́," Asiata wí, ó sì ní kí Ràímì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan sí ọwọ́ èkejì.

*

Alhaji Ìbráhìm ṣí fìlà. Àgbàlagbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú Ifáníkẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ẹ̀rù bà á.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Kó padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́la. Ohun tó bá fẹ́ ni màá ṣe."

Safiyat náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ògúnyọmí ló fà á dìde. "Ìwọ lo to kánẹ́lì yẹn láìsí àṣìṣe kankan," ó sọ fún un. "Irọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ kì í ṣe tìrẹ."

Ifáníkẹ́ na ọwọ́ sí Alhaji tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde, Alhaji," ó ní. "Mo ti dárí jì yín. Mo dúpẹ́ pé ẹ bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n inú ilé la wà yìí. Ẹ kò pè é lólè nínú ilé. Ibi tí ẹ ti pè é lólè ni kí ẹ ti pè é lórúkọ rẹ̀."

Asiata yíjú kúrò, torí omi ti kún ojú tirẹ̀. Nínú gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ti ìyá yìí kò fo òun dá.

Alhaji jáde, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúró lórí àkàsọ̀ níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó péjọ lánàá wà níbẹ̀, àti fọgànáísà tó ń lẹ táyà, àti àwọn obìnrin tó ń darí bọ̀ láti Ọwọ́dé tí wọ́n ń wá ọkọ̀ Ìjàgbó.

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o! Lánàá mo pe ọmọ yìí lólè níbí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ògúnyọmí ọmọ Ifáníkẹ́ kò jalè."

"A ò gbọ́ o, Alhaji!" ọlọ́kadà kan ké láti òdì kejì títì.

Alhaji gbé ohùn sókè, ó tún un wí. Àwọn obìnrin tó ń wá ọkọ̀ dúró, wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kẹta, "Ògúnyọmí ọmọ Ifáníkẹ́, olóòótọ́ ni!", ohùn rẹ̀ sì ya.

"Ó tó," Ifáníkẹ́ wí. "Wọ́n ti gbọ́. Àwọn ará Ìjàgbó ti gbọ́. Ẹ ṣeun."

Ògúnyọmí tí kò sunkún nígbà tí wọ́n mú un, tí kò sunkún nínú àtìmọ́lé, bú sẹ́kún níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ká etí ìró sókè, ó fi nu ojú rẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó sì ní kó jẹ́ káwọn máa lọ sílé, nítorí kò tíì jẹun láti àná.